Ẹ Má Dúró Kí Fèrè Tó Dún

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní ilẹ̀ Kánádà ní ọdún 1948. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Kí ló kàn wá nínú bọ́ọ̀lù Kánádà?" Ẹ kà á dé òpin. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa náà wà níbẹ̀.

1. Bí wọ́n ṣe ń gbá a

Bọ́ọ̀lù wọn kì í ṣe èyí tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tí a mọ̀ rí roboto. Tiwọn gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n sì máa ń jù ú sí ara wọn. Ènìyàn 12 ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Láti ìlà ìparí kan dé èkejì jẹ́ yáàdì 110.

Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ gbé e kọjá ìlà ìparí lọ́dọ̀ àwọn ẹnì kejì. Àwọn yẹn á máa dì mọ́ ẹni tó gbé e, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kan lè gbìyànjú láti fi yáàdì 10 lọ síwájú. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti àwọn ẹnì kejì nìyẹn.

Ní ọdún 1948, ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà gba máàkì 5. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì. Bó bá wọlé, wọ́n fi máàkì 1 kún un. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì gbá bọ́ọ̀lù lọ sẹ́yìn ìlà ìparí, tí àwọn tó ni ibẹ̀ kò lè gbé e jáde, ẹgbẹ́ tó gbá a gba máàkì 1.

Òfin kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Bí ẹnì kan bá ju bọ́ọ̀lù síwájú, tí kò sẹ́ni tó mú un, tó bọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ti kú. Eré dúró. Ṣùgbọ́n bó bá jù ú sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn, tó bọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù kò kú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ló ni ín. Ta ló ń sọ pé ó kú tàbí pé kò kú? Rẹfirí ni, fèrè rẹ̀ ló sì fi ń sọ ọ́.

2. Ẹgbẹ́ Calgary

Calgary jẹ́ ìlú kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Ìlú àwọn tó ń sin màlúù àti ẹṣin ni. Orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ni Stampeders. Les Lear ni olùkọ́ wọn, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú wọn.

Ní ọdún 1948, ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ló wà ní líìgì apá ìwọ̀-oòrùn: Calgary, Regina àti Winnipeg. Eré 12 ni Calgary gbá, wọ́n sì borí nínú gbogbo wọn. Nígbà tí ó ku àṣekágbá líìgì, àwọn àti Regina pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ́kọ́ ta ọ̀mì, 4 sí 4. Lẹ́yìn náà Calgary borí, 17 sí 6.

Ó wá ku ìdíje tó ga jù ní gbogbo Kánádà. Ife Grey ni wọ́n ń du. Earl Grey, tó jẹ́ Gómìnà Àgbà Kánádà, ló fi ife náà tọrẹ ní ọdún 1909. Ìlú Toronto ni wọ́n ti fẹ́ gbá a, ní apá ìlà-oòrùn. Láti Calgary dé Toronto ju 2,000 máìlì lọ. Síbẹ̀ àwọn ará Calgary wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n kó ẹṣin wọn dání, wọ́n dé akẹtẹ̀ fẹ̀ǹfẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Toronto, wọ́n ń jó ní ìgboro, wọ́n ń dín àkàrà ìyẹ̀fun fún ẹni tó bá ń kọjá. Láti ọdún náà ni ọjọ́ Ife Grey ti di ọjọ́ àríyá fún gbogbo Kánádà.

3. Woody Strode

Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Calgary ni Woody Strode. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1934 títí dé 1945, líìgì ńlá Amẹ́ríkà kò gba aláwọ̀ dúdú kankan láyè. Ní ọdún 1946, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kenny Washington, wà lára àwọn tó ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ọdún kan péré ni Strode lò níbẹ̀.

Nígbà tó dé Calgary ní 1948, ó ti pé ọmọ ọdún 34. Nínú irú eré yìí, àgbà ni wọ́n ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti máa wí pé, "Ìyá wa, ìgbà rẹ̀ ti kọjá." Òun kò gbà bẹ́ẹ̀.

4. Ọjọ́ ìdíje

Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1948, Calgary pàdé Ottawa. Ottawa ló kọ́kọ́ gba máàkì 1.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí Calgary dá. Norm Hill, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ní etí pápá. Àwọn Ottawa kò ka iye ènìyàn tó wà níwájú wọn, wọn kò sì rí i. Bí eré ti bẹ̀rẹ̀, Hill dìde, ó sáré. Keith Spaith ju bọ́ọ̀lù sí i lẹ́yìn ìlà, ó mú un. Òfin gbà wọ́n láyè nígbà náà. Nígbà tó yá ni wọ́n fi òfin de irú rẹ̀. Calgary ní 6, Ottawa ní 1.

Lẹ́yìn ìsinmi, Ottawa náà gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, wọ́n sì gbá a wọlé. Ottawa 7, Calgary 6. Àkókò ń lọ. Ó dà bí ẹni pé gbogbo wàhálà ọdún náà fẹ́ já sófo.

Ìgbà yẹn ni ọmọ Ottawa kan ju bọ́ọ̀lù sí ẹnì kejì rẹ̀. Ìyẹn kò rí i mú. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀. Àwọn Ottawa rò pé síwájú ni wọ́n jù ú, pé ó ti kú. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n jù ú sí. Rẹfirí kò fun fèrè! Strode bẹ̀rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó di eré. Kí wọ́n tó dá a dúró, bọ́ọ̀lù ti dé nǹkan bíi yáàdì 10 sí ìlà Ottawa. Lẹ́yìn ìyẹn, Pete Thodos gbé e wọlé. Eré parí: Calgary 12, Ottawa 7.

Láti ìgbà náà títí di òní, kò tíì sí ẹgbẹ́ mìíràn ní líìgì ńlá Kánádà tó gbá eré ọdún kan tán láì pàdánù ẹyọ kan. Ní ti Strode, nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó di òṣèré sinimá. Ó wà nínú Spartacus, tó jáde ní ọdún 1960.

5. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Àwọn Ottawa kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Ohun tó pa wọ́n lára ni pé wọ́n fi ara wọn ṣe rẹfirí. Wọ́n fun fèrè nínú ọkàn ara wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ka Ìwé Kìíní tán, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó ní, "Ó parí." Ó gbé ìwé sórí àjà. Bí ọdún méjì bá kọjá, a óò tún bá a tí ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ dé, ó ń wá ẹni tí yóò bá a kà á, àṣírí ilé rẹ̀ sì di ti ará àdúgbò. Wọ́n fún un ní ìwé owó, kò mọ̀ bóyá iye tó wà nínú rẹ̀ pé. Ẹlòmíràn ní, "Mo ti dàgbà jù." Ta ló fun fèrè fún un?

Ẹ̀yin ará, ẹ máa ka nǹkan kan lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ojú ìwé kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀lù ṣì wà nílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e, kí ẹ máa sáré lọ.

Ìbéèrè

1. Èéṣe tí bọ́ọ̀lù tí Strode gbé kò fi tíì kú?
2. Ẹ ṣírò bí Ottawa ṣe ní máàkì 7, àti bí Calgary ṣe ní 12.
3. Ọmọ ọdún mélòó ni Strode nígbà náà?
4. Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ti dáwọ́ rẹ̀ dúró kí fèrè tó dún? Ẹ kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta.