Èrè wo ló wà nínú géèmù ọ̀fẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, kí ni Sony ń jẹ nínú géèmù tí wọ́n ń fún àwa tó ń san owó oṣù PlayStation Plus lọ́fẹ̀ẹ́? Òǹkàwé kan, Ìta-Ògbólú.

Ìdáhùn: Èrè wà níbẹ̀ dáadáa, bí géèmù náà bá jẹ́ tuntun tí kò sì sí lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn. Ní oṣù Keje 2015, ọjọ́ tí Rocket League, géèmù tí ọkọ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, jáde gan-an ni wọ́n gbé e fún àwọn tó ń san Plus; kíá ló gbòde. Fall Guys náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ kò dùn láìsí èrò, ọ̀fẹ́ ló sì ń kó èrò jọ. Ní ti Sony, bí ẹ bá dáwọ́ owó dúró, géèmù ọ̀hún á tì pa, ẹ ó sì fẹ́ máa san lọ. (Ọgbọ́n ọlọ́jà nìyẹn!) Àwọn kan á ní ẹni tó ṣe géèmù ló pàdánù. Rárá o, Sony ń sanwó fún un. Àtakò tó lágbára ni ti dátà: géèmù kan lè gbé ọ̀pọ̀ gígábáìtì mì. Nítorí náà, bó bá jẹ́ géèmù bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ nínú yàrá nìkan lẹ ń gbá, ẹ má sanwó oṣù yẹn.