Bó Ti Wù Kí Ọ̀bẹ Mú Tó, Kì Í Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó fẹ́ gbéyàwó ní Ọ̀kà mú òrùka dáyámọ́ńdì wá hàn mí nílé ní Ìkàrẹ́. Ó ń dán yanran. Mo bi í pé ta ló sọ pé òkúta rẹ̀ dára. Ó ní, "Ẹni tó tà á fún mi ni, Bọ̀ọ̀dá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọlọ́jà kì í sì í pe ọjà rẹ̀ ní ọjà burúkú. Ó yẹ kí àwa ọmọ àgbẹ̀ mọ èyí. Nígbà tí wọ́n bá ń yẹ kòkó bàbá mi wò, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe bàbá mi, kì í ṣe oníbàárà. Á ka ọ̀ọ́dúnrún hóró, á fi ọ̀bẹ là wọ́n lóòró lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ́ wọn sílẹ̀. Á wo èyí tó bu, èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tí inú rẹ̀ rí bí eérú nítorí pé wọn kò bò ó dáadáa. Bí èyí tó bu bá ju mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kò wọ ipò kìn-ín-ní. Bàbá mi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní fọhùn.

A kò lè la dáyámọ́ńdì bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀, òṣùwọ̀n àti awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ GIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1931, kì í ta dáyámọ́ńdì. Yíyẹ̀ ẹ́ wò ni iṣẹ́ wọn. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò. Káràtì ni ìwọ̀n: káràtì márùn-ún ló wọn gíráàmù kan. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti D, tó mọ́ bí omi àpáta, dé Z tó ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ń wo àbùkù inú rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n bá kọ VS sí, ojú lásán kò lè rí àbùkù rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n ṣe gé e, ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù. Bí gígé bá dára, ìmọ́lẹ̀ á wọlé láti òkè, á sì padà sójú yín. Bí kò bá dára, á jò lọ nísàlẹ̀, òkúta ńlá á sì dà bí ojú òkú. Èyí kékeré tí wọ́n gé dáadáa ni màá rà.

Títóbi nìkan kò tó. Òkúta Star of Sierra Leone tí wọ́n rí lọ́dún 1972 tó káràtì 968.9, síbẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú ohun tí wọ́n gé lára rẹ̀, àbùkù inú rẹ̀ mú kí wọ́n tún un gé sí wẹ́wẹ́.

Dáyámọ́ńdì tí wọ́n ṣe nílé ẹ̀rọ náà wà, kò sì wọ́n tó ti inú ilẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́. Ẹ béèrè ìwé náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ wéra pẹ̀lú èyí tí wọ́n sábà máa ń fín sí etí òkúta.

A yá awò lọ́wọ́ alágogo kan, a yí òrùka náà títí. Kò sí nọ́ńbà, kò sí ìwé. Ọmọ náà ti gbé e padà lọ. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé, tàbí kí wọ́n dá owó òun padà.