Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀kọ́ lórí Yíyan Férémù Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹni tí férémù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kán, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ àtijọ́ méjèèjì ṣì dára, kò nílò láti ra odindi kẹ̀kẹ́; férémù irin nìkan tó o. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ojú lásán yàn án, owó rẹ̀ gbé. Ẹ jẹ́ kí á wọn ẹsẹ̀ ná, kí á tó wá férémù.

Èkíní ni ìbú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, láti nọ́ọ̀tì tí ó kan férémù ní ọ̀tún dé ti òsì. Ti kẹ̀kẹ́ asáré àtijọ́ oníjíà márùn-ún a máa jẹ́ mìlímítà 120. Ti oníjíà mẹ́fà, 126. Ọ̀pọ̀ férémù tí ó dé lẹ́yìn wọn fẹ̀ tó 130. Bí a bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ 126 sínú férémù 130, wọ́ṣà mìlímítà 2 ní ọ̀tún àti 2 ní òsì yóò dí àlàfo náà, bí ásù bá gùn tó. Bí ó bá ṣe férémù ni ó há, ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ lè fẹ irin díẹ̀; alumíníọ̀mù kò ṣe é fẹ̀, ó lè sán.

Èkejì ni rímù. Ibi tí táyà jókòó lé lára rímù 27 fẹ̀ ní mìlímítà 630. Ti 700C, 622. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ 27 bá wọ férémù 700C, a ó gbé rọ́bà bíréèkì sókè ní mìlímítà 4, àyè yóò sì gbọ́dọ̀ kù lókè táyà. Bí rọ́bà náà kò bá ṣe é gbé, ó lè yọ̀ bọ́ sáàárín sípóòkù nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Níbẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni a ó pàdánù.

Rúlà kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á mú un dání lọ sí ọjà.