Ẹ Pe Ọmọ Náà Padà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ní àwọn ilé-ìwé Asese, Mowe àti Ibafo, àṣà kan ti gbilẹ̀ láàárín yín tó ń bí mi nínú, pàápàá nítorí pé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ń yìn ín. Bí sáà bá ń parí lọ, wọ́n á pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wá láti Èkó, wọ́n á kó gbogbo ọmọ jọ sórí pápá, á ní kí wọ́n máa pariwo pé ẹni ńlá ni àwọn, pé kò sí ohun tí àwọn ò lè ṣe. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti gba àwọn ọ̀dọ́langba nímọ̀ràn lórí iyì ara wọn. Ariwo lásán nìyẹn. Bí a ṣe ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀, ìbéèrè tó yẹ àti èyí tí kò yẹ, wọ́n ti kọ́ yín ní ìwọ̀nyẹn, n kò ní tún un sọ. Ìgbésẹ̀ tí ẹ ń fò ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn pípe ọmọ náà padà lẹ́yìn ìjókòó àkọ́kọ́.

Ariwo orí pápá yẹn tilẹ̀ lè ṣe ìpalára. Ní 2009, Joanne Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Waterloo, ní Kánádà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn kan máa tún un sọ fún ara wọn pé ẹni tó yẹ ní fífẹ́ràn ni àwọn. Àwọn tí wọ́n ti ka ara wọn kún tẹ́lẹ̀ rí àǹfààní díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń fojú kéré ara wọn, inú wọn bàjẹ́ ju ti àwọn tí kò sọ ọ́ rárá lọ. Ẹnu ń sọ ohun tí ọkàn kò gbà, ọkàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹ̀rí tó tako ẹnu. Ọmọ tí ẹ torí rẹ̀ pe ìpàdé gan-an ni ẹ dá lóró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ìwádìí kan tó jáde ní 2022, tó kó ọmọ tó lé ní 8,000 mọ́ra, fi hàn pé kíkọ́ odindi kíláàsì lọ́gbọ́n ìfarabalẹ̀ kò mú ìlera ọpọlọ wọn sàn ju ti àwọn tí wọn kò kọ́ lọ.

Ẹ wá wo èyí tó ṣiṣẹ́. Ní Harare, ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2006. Ó kọ́ àwọn ìyá àgbà níṣẹ́, wọ́n sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì onípákó ní àyíká ilé ìwòsàn, wọ́n ń gbọ́ tẹnu àwọn tí ìrònú ti borí. Ìwádìí tó jáde lórí rẹ̀ ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n lọ sórí bẹ́ǹṣì náà yá gan-an ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ lọ. Bẹ́ǹṣì ni gbogbo ayé ń yìn. Èmi rí i pé ìjókòó náà tó mẹ́fà. Ẹni tó wá yóò sọ ìṣòro rẹ̀, yóò mú ọ̀kan tí agbára rẹ̀ ká, yóò lọ gbìyànjú, yóò sì mọ̀ pé ẹnìkan ń retí òun láti gbọ́ bó ṣe rí. Òótọ́ ni pé àgbàlagbà ni wọ́n fi ṣèwádìí yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́langba ló tún nílò ìpadàbọ̀ jù, torí pé ìjókòó àkọ́kọ́ ló fi ń dán yín wò. Yóò ní orí ń fọ́ òun, tàbí pé ìṣirò ló le. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò ní jáde títí yóò fi rí i bóyá ẹ rántí ohun tí òun sọ. Bó bá rí i pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lọ́kàn àgbàlagbà kan, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé òun já mọ́ nǹkan.

Ní agbègbè yín, ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Owó ilé Èkó ló lé ọ̀pọ̀ òbí wá sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Èkó náà ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti wọkọ̀, ọmọ á ti sùn kí wọ́n tó dé, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà àti ẹ̀gbọ́n wà níbòmíràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 7 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní àìsàn tó jẹ mọ́ ọpọlọ. Nínú kíláàsì ọmọ 40, ẹ ti ní 5 tàbí 6.

Ẹ ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ wà láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, wọ́n sì tún fún yín ní Civic Education kọ́. Ó ń dùn mí, torí láti 1977 tí ìjọba ti gbé Ìlànà Ẹ̀kọ́ jáde ni wọ́n ti gbà pé ilé-ìwé nílò olùdámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ pe gbogbo ilé-ìwé padà. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú yín lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ pè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì tó. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ohun tó sọ àti ọjọ́ tí ẹ dá fún un sínú ìwé kan, kí ẹ sì ti ìwé náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Àtakò tó le jù ni pé bí ọmọ bá ń wá léraléra, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ewu gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà níbi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1959, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn sístà Kátólíìkì kó àwọn òṣìṣẹ́ oríṣiríṣi jọ láti gba àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde níyànjú lórí iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà ẹ máa pe ọmọ lórí yíyan ẹ̀kọ́ fún SS1, lórí Wáẹ́ẹ̀kì, lórí iṣẹ́ ọwọ́. Bí gbogbo ọmọ bá ti ń wọ ọ́fíìsì yín, kò sẹ́ni tí yóò lè fi ìka tọ́ ẹyọ kan.

Pípè padà yìí náà ni yóò fi ohun tó ju agbára yín lọ hàn. Ọmọ tí kò rí oorun sùn títí di ìjókòó kẹta, tàbí tó sọ nígbàkígbà pé òun fẹ́ kú, ẹ má dá a gbé, ẹ má sì ṣèlérí fún un pé ẹ ó pa ìyẹn mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ pe òbí rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà ní Abẹ́òkúta, nínú ìpínlẹ̀ yín. Òbí lè fèsì pé ọmọ òun kì í ṣe wèrè. Ẹ sọ fún wọn nípa Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ṣètò láti 1954 pé kí àwọn aláìsàn Aro máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí tó bá wọn wá, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ní Ridẹ́ḿṣọ̀n Káǹpù ni àwọn ń gbé e lọ fún àdúrà, ẹ má bá wọn jà. Àdúrà kò dí ọ̀nà Aro. Ọmọ náà kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tó bá padà sí kíláàsì, tí gbogbo ojú wà lára rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé yín, pẹ̀lú wákàtí tí ẹ ó rí i.