ẸNI TÓ KỌ́ WA DÙBÚLẸ̀ ÀÌSÀN: TA LÓ LỌ BẸ̀ Ẹ́ WÒ?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó ń dá àìsàn sílẹ̀, tó sì ń fúnni ní ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.



Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí bíbẹ aláìsàn wò, pàápàá aláìsàn tó ti ṣe wá lóore rí, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ti parí. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, láti pápá bọ́ọ̀lù ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni a ó sì parí rẹ̀ sí.

ÌTÀN BOBBY ROBSON

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Bobby Robson. Ọdún 1933 ni wọ́n bí i ní abúlé Sacriston, ní agbègbè Durham. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Bàbá yìí a máa mú ọmọ rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù ní St James' Park, pápá ẹgbẹ́ Newcastle United. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ẹgbẹ́ náà ti wọ ọmọ náà lọ́kàn.

Nígbà tó dàgbà, ó gbá bọ́ọ̀lù, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó wà ní Ipswich Town láti ọdún 1969 títí di 1982. Ó kọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè England láti 1982 títí di 1990. Nínú ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1990, ìgbésẹ̀ kan péré ló kù kí ó kó wọn dé àṣekágbá kí Jámánì tó fi pẹ́náritì lé wọn sílé. Ó ṣiṣẹ́ ní Netherlands, ní Portugal àti ní Barcelona. Ní ọdún 1999, ó padà wá sílé láti gba ẹgbẹ́ Newcastle, nígbà tí wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá láàrin ẹgbẹ́. Nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ ní St James' Park, góòlù 8 sí òdo ni wọ́n fi na Sheffield Wednesday. Ní 2002, ipò kẹrin ni wọ́n wà. Ní 2003, wọ́n ṣe ipò kẹta. Lábẹ́ rẹ̀ ni Shola Ameobi, tí wọ́n bí ní Zaria ní ilẹ̀ wa níbí, ti bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù fún àgbà ẹgbẹ́ Newcastle ní ọdún 2000.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ayé ni. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2004, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní kí ó máa lọ. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà náà. Kò sí ẹgbẹ́ tó tún máa kọ́ fún wọn, kò sí ife-ẹ̀yẹ tó tún máa gbà fún wọn. Bí ti ẹlòmíràn bá ni, ibi tí ìtàn rẹ̀ máa parí sí nìyẹn.

Ọkùnrin yìí sì ń ṣàìsàn. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ìfun rẹ̀. Ní 1995, ó tún yọ sí i ní ojú, iṣẹ́ abẹ ńlá ni wọ́n ṣe fún un. Ní 2006, wọ́n rí i nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ àti nínú ọpọlọ rẹ̀. Ìgbà márùn-ún ló bá àrùn náà wọ̀jà. Nígbà tó yá, àwọn dókítà sọ fún un pé èyí tó kẹ́yìn yìí ti kọjá agbára àwọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ láti kó owó jọ fún ìtọ́jú àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ni £500,000, láti fi ra ohun èlò sí ibi tí wọ́n ti ń dán oògùn tuntun wò ní ilé-ìwòsàn Freeman ní Newcastle. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó náà ti pé. Ta ló dá a? Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù àti àwọn ará ìlú. Ní ọdún 2009, ibi ìtọ́jú náà ṣílẹ̀kùn. Títí di ọdún tí a wà yìí, àjọ náà kò dúró. Owó tó ti kó jọ ti ju mílíọ̀nù 10 pọ́ùn lọ.

Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2009, wọ́n ṣe ìdíje kan ní St James' Park. Wọ́n kó àwọn agbábọ́ọ̀lù England àtijọ́ àti ti Jámánì jọ, láti tún ìdíje ọdún 1990 yẹn gbá, kí owó rẹ̀ lè lọ sínú àjọ Robson. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá. Wọ́n gbé bàbá náà wọ pápá lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ara rẹ̀ ti rù. Gbogbo èèyàn dìde fún un. Ó bọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 5 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù keje, ó kú, ẹni ọdún 76. Nígbà tí àwọn èèyàn ń kó òdòdó àti aṣọ ẹgbẹ́ wá sí pápá náà láti bá a kẹ́dùn, aṣọ Sunderland wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ẹgbẹ́ ìlú ìtòsí tí Newcastle kì í fẹ́ rí sójú.

Ẹ kíyè sí i dáadáa: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 5 tí wọ́n ti ní kí ó máa lọ.

KÍ NI ẸNU Ẹ̀SÌN WA SỌ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àwọn wọ̀nyí kò ka hádíìsì kí wọ́n tó ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Àwa ńkọ́, tí hádíìsì wà lọ́wọ́ wa?

Nínú ohun tí Abu Hurayra gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka bíbẹ aláìsàn wò mọ́ ẹ̀tọ́ márùn-ún tí Mùsùlùmí ní lára Mùsùlùmí. Ẹ rántí pé ẹ̀tọ́ ni. Kì í ṣe àǹfààní tí a fi ń ta èèyàn lọ́rẹ. Gbèsè ni fún ẹni tí kò bá ṣe é. Ó tún wà nínú hádíìsì tí Imaamu Muslim gbà wá pé ní ọjọ́ ìdájọ́, Ọlọ́hun yóò bi ọmọ Ádámọ̀ léèrè ìdí tí kò fi wá bẹ Òun wò nígbà tí Òun ń ṣàìsàn. Ẹnu yóò ya ẹrú náà, nítorí àìsàn kì í ṣe Ọlọ́hun. Ìgbà náà ni yóò gbọ́ pé ẹrú Ọlọ́hun kan ṣàìsàn, òun sì mọ̀, òun kò lọ. Ká ní ó lọ ni, ibẹ̀ ni ì bá ti bá Ọlọ́hun pàdé.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni a fẹ́ mú jáde.

Èkíní: oore kì í bá ipò lọ. Lẹ́yìn tí Khadija ti kú, tí Ànábì bá pa àgbò, a máa fi ẹran ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mut'im ọmọ Adi, tó dáàbò bo Ànábì nígbà tó ń ti Ta'if bọ̀ ní Mekka. Mut'im kò gba ẹ̀sìn títí ó fi kú. Síbẹ̀, lẹ́yìn ogun Badri, Ànábì sọ pé ká ní ó wà láàyè tó sì bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ẹrú ogun náà ni, òun ì bá fi wọ́n sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí a ṣe ń rántí olóore nìyẹn, kódà nígbà tí kò sí ohun tí a tún ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èkejì: ìfẹ́ kò mọ sí ariwo ẹnu. Àwọn ará Newcastle pàtẹ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹlòmíràn tí kò mọ Robson rí rí ìtọ́jú gbà nítorí owó náà. Nínú wa, ọ̀pọ̀ ló ń sanwó wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìkùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé àpótí sàárà kọjá fún aláìsàn kan lẹ́yìn ìrun jímọ́ọ̀, ojú ilẹ̀ là ń wò.

Ẹ̀kẹta: ẹ ṣe é nígbà tí olóore náà ṣì ń gbọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Sven-Göran Eriksson, ọmọ Sweden tó ti kọ́ Benfica, Lazio àti England rí, sọ fún gbogbo ayé pé òun ní àrùn jẹjẹrẹ, àti pé bóyá ọdún kan ló kù fún òun. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn Liverpool. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, Liverpool gbé e jókòó gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn àtijọ́ ní Anfield. Lazio àti Benfica, tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn tipẹ́, náà pè é, wọ́n sì yẹ́ ẹ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ló kú. Gbogbo ọ̀rọ̀ rere tí wọ́n sọ nípa rẹ̀, etí rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ ni a máa ń rántí pé Àáfáà ṣeun.

Ẹ̀kẹrin: ẹ béèrè ẹni tí ẹ kò rí. Obìnrin kan wà tó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì. Nígbà tí Ànábì kò rí i mọ́, ó béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Kò dùn mọ́ ọn pé wọn kò sọ fún òun. Ó lọ sí ibi sàréè rẹ̀, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Lójú àwọn yòókù, agbálẹ̀ lásán ni.

BÍ KÒ BÁ ṢE MÙSÙLÙMÍ ŃKỌ́?

Ẹlòmíràn lè sọ pé tíṣà òun tàbí akọ́nimọ̀ọ́gbá òun kì í ṣe Mùsùlùmí. Anas gbà wá pé ọmọ Júù kan máa ń ṣe ìránṣẹ́ fún Ànábì. Nígbà tí ọmọ náà ṣàìsàn, Ànábì lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó jókòó síbi orí rẹ̀, ó sì pè é sí Islam. Ọmọ náà gbà. Nítorí náà ẹ lọ, ẹ tọrọ ìwòsàn àti ìmọ̀nà fún un. Ìwà wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ náà jẹ́ ìpèpè sí ẹ̀sìn.

Àwọn arábìnrin wa náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Abubakari àti Bilali ṣàìsàn ibà ní Medina, Aisha lọ wò wọ́n, ó sì béèrè bí ara wọn ti rí. Ẹ lè kó ara yín jọ lọ, pẹ̀lú ìbòra àti ìtìjú tó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń kọ èyí jẹ́wọ́. Àáfáà tó kọ́ mi ní álífù ní ilé-kéwú ní àrùn rọpárọsẹ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi. Mo ń sọ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá yà. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ọjọ́ tí mo dé ilé náà, mo bá àwọn èèyàn lórí ìjókòó, wọ́n ti sin ín. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé bàbá máa ń béèrè àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. N kò rí ohun kan sọ. Títí di òní, bí mo bá ń ka Kùránì, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín, kí Ó sì forí jì mí.

BÍ A ṢE Ń BẸ ALÁÌSÀN WÒ

Ẹ má pẹ́ níbẹ̀, nítorí ara aláìsàn kì í gba ariwo. Ẹ má ka ìtàn àwọn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pa fún un. Ẹ ṣe bí Ànábì ti í ṣe: ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu, pé ìwẹ̀nùmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé ohun tí wọ́n nílò: oògùn ni, omi ni, àbí ẹni tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù? Èyí tí ẹ bá lè ṣe, ẹ ṣe é. Ohun tí ẹ bá sì rí nínú yàrá náà, ẹ má gbé e jáde.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ LẸ́KA

1. Ta ni nínú àwọn olùkọ́ wa, àwọn alága wa àtijọ́ tàbí àwọn àgbà mọ́sálásí wa, ni a kò tíì fojú kàn láti oṣù mẹ́ta?
2. Ta ni yóò lọ wò ó, ọjọ́ wo sì ni?
3. Ṣé ẹ̀ka wa ní àpótí fún àwọn aláìsàn? Bí kò bá sí, kí ló ń dí wa lọ́wọ́?

Ẹ má ṣe kúrò ní ìpàdé láìdá ìbéèrè kejì yẹn lóhùn, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọjọ́ sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn tí kò ní ku àìsàn kankan sílẹ̀. Kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí á gbàgbé olóore wa. Aamiin.