Lẹ́yìn Ìwé Ẹ̀rí: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọdún Ìkọ́ṣẹ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì Tuntun

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 3:11, Máàkù 3:13-15, Lúùkù 10:30-37

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ó yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò kéré. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá gba ìwé ẹ̀rí, ìdùnnú a gba ilé kan, a ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè: ta ni yóò dúró ti ọmọ náà ní òru àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi wọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí kàn wá, nítorí ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní òru náà lè jẹ́ èmi, ó sì lè jẹ́ ìyá yín.

1. Ohun tí Ìwé Mímọ́ kọ́ wa

Nígbà tí ọba mẹ́ta ń wá wòlíì nínú ìdààmú, ìránṣẹ́ kan dárúkọ Èlíṣà fún wọn. Kò sọ ti iṣẹ́ ìyanu kankan. Ohun tí ó fi júwe rẹ̀ ni pé òun ni ó máa ń bu omi sí Èlíjà lọ́wọ́. Ìsìn lábẹ́ ọ̀gá ni ẹ̀rí rẹ̀. Bákan náà ni Olúwa wa yan àwọn méjìlá: wọ́n kọ́kọ́ wà pẹ̀lú Rẹ̀, kí Ó tó rán wọn jáde. Ẹ sì tún wo ará Samáríà náà. Àánú ṣe é, ṣùgbọ́n kò dúró lórí àánú nìkan. Ó mọ ohun tí a ń dà sójú ọgbẹ́, ó sì mọ bí a ti ń dì í. Àánú tí kò ní ìmọ̀ lọ́wọ́ lè pa aláìsàn.

2. Ohun tí ilẹ̀ wa náà mọ̀

Ẹni tí ó bá lọ kọ́ iṣẹ́ igbá fínfín ní Ọ̀yọ́ yóò kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí a tó fi igbá oníbàárà lé e lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ orí iṣẹ́ ni àkísà. Bí igbá bá sì bàjẹ́, a lè wá òmíràn. Èèyàn kò ní òmíràn.

3. Ìtàn iṣẹ́ yìí láàárín wa

Ní 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Baptist Medical Centre ti hù, èyí tí ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti LAUTECH náà wà ní ìlú kan náà. Ní Ìbàdàn, Kofoworola Abeni Pratt, tí ó kọ́ iṣẹ́ ní St Thomas' Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH. Ní 1965 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

4. Ohun tí ọdún ìkọ́ṣẹ́ wà fún

Ẹni tí ó gba oyè nọ́ọ̀sì ní yunifásítì máa ń lo ọdún márùn-ún, yóò ṣe ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ni yóò fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, kí ó tó lọ sìnrú ìlú gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ní kíláàsì, ó ti há a sórí pé kí a tó fún aláìsàn lóògùn, a gbọ́dọ̀ rí i dájú pé aláìsàn náà gan-an ni, oògùn náà gan-an ni, ìwọ̀n rẹ̀ pé, ọ̀nà tí a ó gbà fún un tọ́, àkókò rẹ̀ sì pé. Ní wọ́ọ̀dù, yóò ṣe é nígbà tí aláìsàn méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí ọmọ kan ń sunkún, tí iná sì lọ. Àgbà nọ́ọ̀sì ni ó ń kọ́ ọ bí a ti ń mọ̀ pé ara aláìsàn ń yí padà kí ó tó burú, bí a ti ń pe dókítà láìbẹ̀rù, àti bí a ti ń fi wọ́ọ̀dù lé ẹni tí ń bọ̀ lọ́wọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a rí àìní yìí. Ní 1974, Marlene Kramer kọ ìwé ní Amẹ́ríkà lórí ìpayà tí ń bá nọ́ọ̀sì tuntun nígbà tí ó bá rí i pé wọ́ọ̀dù kò rí bí kíláàsì. Ní 1984, Patricia Benner fi hàn pé ìpele márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ipò ọ̀jáfáfá. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀ ní ètò bí ọdún kan fún àwọn tuntun.

5. Ìṣòro tí ó wà níwájú wa

Àyè ìkọ́ṣẹ́ kò tó iye àwọn tí ń jáde. Àwọn mìíràn ń jókòó sílé dè é. Àwọn àgbà tí ì bá kọ́ wọn náà ń lọ sí òkè òkun. Ní 2024, Ìgbìmọ̀ náà pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ kí a tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún àjọ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì sì ṣe ìwọ́de ní Àbújá àti Èkó. Èmi kò dá ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Síbẹ̀, òfin lè dá ọmọ dúró, ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọ níṣẹ́. Olùkọ́ ni í kọ́ni níṣẹ́. Bí a bá fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan ní wọ́ọ̀dù fún ọdún méjì, ọjọ́ ni ó kà, kò tíì kọ́ iṣẹ́.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìwé àṣẹ ìrìnnà kán ọmọ lójú nígbà tí kò tíì mọ iṣẹ́. Bí kò bá sì tíì rí àyè, ẹ má jẹ́ kí ó dà bí ẹni tí ó kùnà lójú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, nílé àti lókè òkun, kí olúkúlùkù yín mú ọmọ kan mọ́ra. Bí ẹ bá wá sílé fún ìsinmi, ẹ fi ọjọ́ méjì kọ́ àwọn tuntun ní ilé ìwòsàn tí ó bá gbà yín.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò àṣẹ ní ilé ìwòsàn, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe owó iṣẹ́ pọ́ọ́kú. Ẹ yan ẹni kan tí yóò máa dáhùn fún un.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Kí ni Èlíṣà rí gbà nínú bíbu omi sí ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́?
(b) Ta ni ó kọ́ ọ níṣẹ́ rẹ, ta ni ìwọ náà sì ń kọ́?
(d) Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe ní ọdún yìí fún nọ́ọ̀sì kan tí ń dúró de àyè?

Kí Olúwa, Oníṣègùn ńlá, fún àwọn ọmọ wa ní olùkọ́ rere, kí Ó sì fún àwọn aláìsàn wa ní ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Àmín.