Ṣé Kí Ẹ Gbé Ẹ́ńjìnnì Díísù Sínú Ọkọ̀ Oko Yín?

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó epo ti di ẹrù lọ́rùn ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó gbágùúdá lóko. Ìdí nìyí tí àwọn tó ní ògbólógbòó Toyota Hilux, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, fi ń rò ó pé kí àwọn gbé ẹ́ńjìnnì díísù sí i. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Ẹ ṣírò owó ná
Díísù kì í yára tán bíi bẹntiróòlù, ó sì ń fa ẹrù dáadáa nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ: ọkọ̀ yín ń mu bẹntiróòlù lítà 10 lọ sọ́jà àti àbọ̀, ní ₦1,000 lítà kan. ₦10,000 nìyẹn. Ti díísù mu lítà 7, ní ₦1,200. ₦8,400 nìyẹn, ẹ jèrè ₦1,600. Bí gbogbo iṣẹ́ náà bá ná yín ní ₦1,600,000, ó di ìrìn-àjò 1,000 kí owó yín tó padà. Bí díísù bá sì wọ ₦1,500, ₦10,500 lẹ ó ná: kò sí èrè kankan. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì yín bá ṣì ṣeé tún ṣe, ẹ tún un ṣe. Ẹni tí tirẹ̀ ti kú pátápátá ni kí ó máa bá wa lọ.

2. Èwo ni kí ẹ rà?
2L (lítà 2.4), 3L (lítà 2.8) tàbí 5L (lítà 3.0) ló dára jù. Toyota fúnra wọn lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú Hilux, páńpù wọn kò sì nílò kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí lẹ́tà E lẹ́yìn rẹ̀, bíi 5L-E, tàbí tí wọ́n kọ D-4D sí i, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Díísù tó dọ̀tí á tètè ba D-4D jẹ́.

3. Gíábọ́ọ̀sì
Ẹ ra ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ti ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Bí ó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀sì, abẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì ń dúró sí lè gbá ásùlù iwájú.

4. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀
• Ẹ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti tàn án sílẹ̀ dè yín.
• Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde púpọ̀, ó ti gbó nínú.
• Èéfín aláwọ̀ búlúù ní ẹ̀yìn: ó ń jẹ ọ́ìlì.
• Ọ́ìlì tó dà bí omi ẹ̀kọ: omi ti wọ inú rẹ̀.

5. Bírékì o!
Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ló ń fa afẹ́fẹ́ tó ń mú bírékì rọ̀ lẹ́sẹ̀. Ti díísù kì í fa irú rẹ̀. Páńpù kékeré tó wà lẹ́yìn alternator ló ń ṣe é. Bí mẹkáníìkì kò bá so ó, bírékì á le bí òkúta, ẹ̀mí sì lè lọ sí i. Ẹ má fi ẹrù sí ọkọ̀ náà kí ẹ tó dán bírékì wò.

Kí wọ́n tún fọ tánkì epo mọ́, kí wọ́n fi fílítà tó ń ya omi kúrò sí i, rédíétọ̀ tó tóbi tó, àti táímìn bẹ́líìtì tuntun.

6. Ìwé
Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì padà ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ọkọ̀, kí ọlọ́pàá má baà dá yín dúró lójú ọ̀nà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ mú ìṣirò yín wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde lápò.